Ìgbátí Balógun

Ọbáfẹ́mi ń lu ilẹ̀kùn takisí kan lọ́wọ́ nígbà tí òjìji ènìyàn bọ́ sórí irin náà. Kò gbójú sókè. Láti ogójì ọdún tó ti ń fi òòlù da ara mọ́tò tó wọ́ padà sí bó ṣe wà ní Mágásíìnì, àdúgbò àwọn mẹ́káníìkì ní Kumasi, ó mọ̀ pé oníbàárà tó bá ń kánjú ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òjìji yìí kò sọ̀rọ̀. Ó wá rí i pé ọwọ́ òsì òjìji náà kò tọ́. Ó tẹ̀ ní ìgúnpá, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ka igi tí nǹkan ti wó lù rí.

Òòlù dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Túnmiṣe."

Olúwatúnmiṣe, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn láti ọdún mọ́kànlá. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á bá tirẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yìí náà, kò jókòó. Ó wo àga tí bàbá rẹ̀ tọ́ka sí, ó wo òòlù, ó dúró síbi tó wà.

"Ìyàwó mi ti bí. Ọkùnrin ni."

"Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run ṣeun." Ọbáfẹ́mi ń wá ibi tí yóò gbé òòlù sí, kò rí.

"Ọjọ́ Sátidé la ó sọ ọ́ lórúkọ, aago méje àárọ̀, nílé Màámì ní Tafo. Màámì ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí i létí." Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ ṣe Balógun nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ohùn nìkan ni mo fẹ́ fi ṣe é, mi ò ní gbá ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún Bàbá Alfred."

"Tí mo bá gbọ́ pé ọwọ́ yín kan ẹnikẹ́ni kó tó di Sátidé, Bàbá, ẹ má wàá. Ẹ má sì wá mọ́ títí ayé. Mi ò ní gbé ọmọ mi síbi tí wọ́n gbé mi sí."

"Ọdún mọ́kànlá rèé tí mi ò ti na ènìyàn."

"Mo mọ̀. Mò ń kà á. Òun ló gbé mi wá."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ọbáfẹ́mi ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

Gbogbo Yorùbá Kumasi ló mọ ìtàn ìgúnpá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Túnmiṣe nígbà tó wa ọkọ̀ oníbàárà jáde láti fi ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì lọ fi gbá ògiri. Ọbáfẹ́mi mú igi òòlù, ó lé e yí ṣọ́ọ̀bù ká. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò dáwọ́ dúró títí ó fi gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ìró irin. Gifty, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Asante tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ìlú náà lọ, ló gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Láti ọsibítù, ilé ìyá tirẹ̀ ní Tafo lòun àti ọmọ gbà lọ. Kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni Ọbáfẹ́mi ti ń gbé nọ́ọ̀tì irin kan sínú àpò ṣòkòtò. Ara ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ló ti yọ ọ́, ó tó awùsá. Bí inú bá ti ru ú, á ki ọwọ́ bọ àpò, á dì í mú gírígírí. Ó ní ìka tó bá ti rí nǹkan dì mú kò ní wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti rí ọwọ́ ọ̀gá nínú àpò, wọn á rọra sún sẹ́yìn, wọn á dákẹ́. Ọwọ́ náà á pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá jáde, àmì irin á ti wọ àtẹ́lẹwọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ní ẹni.

Eré tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí, Ọ̀nà Ò Gba Balógun ni orúkọ rẹ̀. Àwọn bàbá tó kọ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn Race Course ló kọ ọ́, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún nígbà náà. Balógun kan ti ojú ogun dé, ó bá ẹnubodè ìlú ní ṣíṣí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣí i fún àwọn obìnrin àti ọmọdé ìlú ọ̀tá, kí wọ́n rí ibi sá sí. Balógun gbá ọmọ náà létí lójú gbogbo ìjòyè. Ọmọ kò fèsì. Ó gba ẹnubodè yẹn jáde, kò padà mọ́. Nígbà tí Balógun darúgbó tó fẹ́ wá a lọ, ọ̀nà kò gbà á. Ẹnubodè ló kú sí.

Lórí ìwé, gbólóhùn kan péré ni ìgbátí náà: Ó gbá a. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni pé kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè gbá a, ì báà lóhùn bí agogo, kì í ṣe Balógun.

Lọ́dún 1968 tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, Bákàrè, bàbá Ọbáfẹ́mi, ni Balógun. Bákàrè tó gbé orúkọ Mùsùlùmí wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò pa á dà. Alfred, ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, ló ṣe ọmọ. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni etí òsì Alfred kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti di ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí, kò sì sí àjọ̀dún kan tí kì í fọwọ́ kan etí náà kó ní, "Bákàrè ló mú un lọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba lé àlejò nílùú. Gbogbo wọn di ẹrù wọn, wọ́n gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, wọ́n ti eré náà mọ́nú àpótí.

Bákàrè padà wá sí Kumasi lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kò sí eré mọ́. Ó wá ń ṣe é nílé. Bó bá fẹ́ na ọmọ, ọ̀rọ̀ Balógun ló máa ń kọ́kọ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á máa lọ sílẹ̀, ọmọ á sì ti mọ gbólóhùn tí ọwọ́ yóò bá dé. Bí Ọbáfẹ́mi ṣe kọ́ ọ sórí nìyẹn.

Báyìí tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún gbọ̀ngàn wọn, Alfred ní àfi kí wọ́n ṣí àpótí. Ọbáfẹ́mi fi orúkọ sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ dúró níwájú gbogbo wọn, kó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ dé òpin, kó má sì na ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin ọ̀sán Tọ́sìdè ni wọ́n péjọ láti yan Balógun. Bí ọgbọ̀n ènìyàn ló wá wòran. Fáànù òkè ń ké. Alfred jókòó sórí àga onírọ̀rí lápá ọ̀tún pèpéle, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Àga náà ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ẹni tó gbé e kò rò ó: etí tó kú ni Alfred kọ sí àwọn òṣèré, èyí tó ń gbọ́ kọ sí ògiri. Adéfọlá, akọ̀wé ìgbìmọ̀, mú ìwé eré dání. Ó rí i. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó wo ojú àgbà náà, ó dákẹ́.

Ẹni méjì ló kù. Ọbáfẹ́mi ni ìkínní. Kwadwo ni ìkejì, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó ń ta fóònù ní Adum láàárín ìlú. Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Asante ni bàbá rẹ̀. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, ó rẹwà, àwọn ọmọbìnrin akọrin sì ti kó fóònù wọn jáde kó tó dìde.

"Wọfa Fẹ́mi," ó ní, bó ṣe máa ń pe àgbàlagbà gbogbo bí ẹni tó ń pe àbúrò ìyá rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e. Idà Balógun á kán yín lẹ́yìn."

"Àtàrí rẹ ni yóò kán, ọmọ Adum," ni Ọbáfẹ́mi wí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Kwadwo ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Balógun. Ó pariwo, ó na ọwọ́, ó yí ojú. Nígbà tó parí, Alfred ní, "Èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀, fùfú Asante ló ń rùn."

"Bàbá, fùfú tẹ́ ẹ jẹ lánàá náà ni!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Alfred pàápàá fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

Ó kan Ọbáfẹ́mi. Ó gun pèpéle, ó dúró, kò na ọwọ́, kò yí ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹnubodè tí mo fi egungun ọ̀tá dè, ta ló fi ọwọ́ àánú tú u? Mo sùn nínú ìrì oṣù méje. Mo fi ẹ̀jẹ̀ fọ ẹnu. Mo ní bí mo bá délé, n ó bá ilẹ̀kùn ní títì, n ó kàn án, ọmọ mi á ṣí i fún mi. Ta ló ṣí i kí n tó kàn án?"

Fáànù nìkan ló ń dún. Ohùn náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Obìnrin kan ní ìlà iwájú di ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í mú. Adéfọlá gbàgbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kù," ni Alfred wí. "Ìgbátí. Ta ni yóò ṣe ọmọ?"

Ẹnikẹ́ni kò mira. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan dìde lẹ́bàá ẹ̀rọ ohùn, níbi tó ti ń to wáyà. Olúwatúnmiṣe ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Túnmiṣe, jókòó," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Èmi ló kàn, Bàbá." Ó gun pèpéle, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àfárá kó tó gbé ẹbí rẹ̀ gbà á kọjá.

Ọbáfẹ́mi sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ó mọ bí ọwọ́ náà ṣe ń dìde, ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn. Ó dé òkè. Ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró. Túnmiṣe kò ṣẹ́jú.

Ọwọ́ náà wálẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó wọ àpò.

"Mi ò lè gbá a."

"Kí ló wí?" ni Alfred bèèrè. Adéfọlá lọ sọ ọ́ sí i létí tó ń gbọ́. Àgbà náà bojú jẹ́. "Bákàrè gbá mi. Mi ò ṣe é ní nǹkan kan, ó gbá mi. Ọmọ kìnnìún ti wá ń jẹ koríko."

Àwọn kan pòṣé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Yóò lu takisí, kò lè lu ènìyàn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọbáfẹ́mi sọ̀kalẹ̀. Ó mọ̀ pé Balógun ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ tí ọmọ náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Aago méje, Bàbá. Ẹ má pẹ́." Ó lọ jókòó. Nínú àpò, nọ́ọ̀tì ti gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tíì tú u sílẹ̀.

"Kwadwo," ni Alfred pè.

Kwadwo gun òkè. Ó yíjú sí Túnmiṣe, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Twi, "Me nua, kafra," bí ẹni tó ń bẹ arákùnrin rẹ̀ kó má bínú. Túnmiṣe mi orí sí i pé kó ṣe é. Kwadwo gbá a.

Ó dún. Ilé pariwo.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni Alfred wí.

Adéfọlá gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún àgbà pé etí rẹ̀ tó kú ló kọ síwájú. Wọ́n ń wo ara wọn. Kwadwo ní, "Kafra," ó tún gbá a. Orí Túnmiṣe yí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ ń fi ń ṣeré ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan!" Alfred fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i!"

Ọbáfẹ́mi ti dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Kafra," ni Kwadwo wí. Omi ti lé sí ojú òun náà. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn dé ibi tó lè dé, ó sì gbá a. Túnmiṣe fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ já láti imú rẹ̀ sórí pákó pèpéle, kán-ún, kán-ún.

Àga mẹ́ta ló wó kí Ọbáfẹ́mi tó débẹ̀. Kwadwo rí i tó ń bọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní "Wọfa, èmi kọ́, Bàbá Alfred ló," ìkúùkù sì bá a lẹ́nu. Nọ́ọ̀tì wà nínú ìkúùkù náà. Ọwọ́ tó ti ń di irin mú fún ọdún mọ́kànlá kò rántí tú u sílẹ̀. Eyín fò. Ó tún gbá a. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé bí ara mọ́tò ṣe ń wọlé, kò sì sí òòlù tí yóò lù ú padà síta. Kwadwo ṣubú. Ọbáfẹ́mi kúnlẹ̀ lé e láyà, ó ń lù ú, kò pariwo, kò bú u. Ó ń mí bó ṣe máa ń mí nídìí iṣẹ́. Àwọn obìnrin ń ké. Ọkùnrin méjì dì í mú, ó gbọn wọ́n nù.

"Bàbá, ó tó! Bàbá!"

Ọwọ́ kan kọ́ ọ lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Kò wò ó. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù. Ẹni náà fò lọ, ó bá àga, ó bá ilẹ̀, ó sì ké.

Igbe yẹn ló dá a dúró. Ó ti gbọ́ ọ rí.

Túnmiṣe wà nílẹ̀, ó di ìgúnpá òsì rẹ̀ mú mọ́ àyà.

Nígbà náà ni Alfred dìde. Ó ti yí gbogbo ara padà, etí tó ń gbọ́ ti kọ síwájú. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Bákàrè," ó ní. "Bákàrè ti dé. Ẹ mú ẹ̀wù wá."

Wọ́n mú un wá ní tòótọ́. Ẹnì kan ṣí àpótí, òórùn káńfọ̀ jáde, wọ́n sì gbé ẹ̀wù ogun Balógun lé Ọbáfẹ́mi léjìká níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wúwo. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Ìka ṣí, nọ́ọ̀tì bọ́, ó yí lọ títí ó fi kan bàtà Túnmiṣe.

Ọmọ náà dìde, ó ṣà á. Ó wo irin náà, ó wo ẹnu Kwadwo.

"Irin lẹ fi lù ú."

"Òun ni mo fi ń di ọwọ́ mi mú," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Ó gbá ọ, Túnmiṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbá ọ."

"Ó ń bẹ̀ mí bó ṣe ń gbá mi. Ẹ ò gbọ́." Ó fi nọ́ọ̀tì náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí. "Èmi kọ́ lẹ jà fún, Bàbá. Ẹ má wàá."

Ó wá eyín Kwadwo lábẹ́ àga, ó rí méjì, ó fi áńkáṣífù wé wọn. Òun àti Adéfọlá ló gbé Kwadwo jáde lọ wá takisí.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n Kwadwo ní ọsibítù. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kan náà ni, eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ìyá má jẹ̀ẹ́ kí ọlọ́pàá ba ayẹyẹ jẹ́. Obìnrin náà sunkún, ó gbà. Wọ́n rán Adéfọlá sí Ọbáfẹ́mi ní Mágásíìnì.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, Ẹ̀gbọ́n. Ìdánrawò eré máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la, aago mẹ́rin." Kò wo ojú rẹ̀. "Èmi ni mi ò sọ fún Bàbá Alfred pé ibi tí wọ́n kọ etí sí kò dáa. Mo rí i láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kì í ṣe etí Bàbá Alfred ló lù ú," ni Ọbáfẹ́mi wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gifty pè é. Ọdún mọ́kànlá ni kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

"Fẹ́mi, mo sọ fún ọmọ yìí. Mo ní ọwọ́ bàbá rẹ kì í sùn, ó ń díjú ni. Ó ní rárá, òun ti kà á, ọdún mọ́kànlá ni. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì fún ọ, ṣé o mọ̀? Funfun. Ó wà lórí àga mi níbí. Ìgúnpá yẹn ti tún wú."

"Gifty..."

Ó ti pa fóònù.

Àárọ̀ Sátidé, nígbà tó di aago méje, Ọbáfẹ́mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, ó ń lù ú. Ó ń lù ú nígbà tí wọ́n á ti máa fi oyin kan ètè ọmọ. Ó ń lù ú nígbà tí wọ́n á ti máa pe orúkọ. Kò mọ orúkọ tí wọ́n pè. Nígbà tó dáwọ́ dúró, irin náà ti ya.

Aago mẹ́rin, ó lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti fọ pákó pèpéle, ṣùgbọ́n àmì ṣì wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé ẹ̀wù wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń fi àga sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ó yá," ni Alfred wí. "Ta ni yóò ṣe ọmọ?"

Wọ́n wo ilẹ̀. Alfred pe orúkọ mẹ́ta. Ìkínní ní eyín ń dùn òun. Ìkejì ní òun fẹ́ rìnrìn àjò. Ìkẹta kò dáhùn, ó kàn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn yòókù ń sún mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń sún ní Mágásíìnì.

Wọ́n ti rí Balógun. Wọn ò rí ọmọ.

Alfred bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó gun pèpéle lẹ́sẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúró níwájú Ọbáfẹ́mi, ó sì yí orí. Etí ọ̀tún ló kọ sí i, èyí tó ṣẹ́ kù.

"Gbá èyí," ó ní. "Sọ ọ̀rọ̀ náà, kí n gbọ́ ọ, kó o gbá èyí."

Ó di ojú. Awọ ojú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọbáfẹ́mi wò ó. Ẹni ọgọ́rin ọdún ló dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ló fi ń dúró de ọwọ́. Ó mọ ojú náà. Ojú òun gan-an nìyẹn ní kékeré, nígbà tí Bákàrè bá ń sọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀. Ojú kan náà ni ti Túnmiṣe nígbà tí igi òòlù dìde. Gbogbo ilé ń dúró, wọ́n ti mú èémí sínú, wọ́n ń retí ìró náà.

Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó rọra gbé e lé Alfred léjìká, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó tẹ̀ mọ́ etí tó ń gbọ́, ó ní, "Bàbá, ìgbátí Bákàrè burú láti ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sunkún."

Alfred kò lajú. Ọbáfẹ́mi sọ̀kalẹ̀, ó gba àárín wọn jáde.

Àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà síbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Obìnrin ọlọ́pàá kan wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó fi Twi bi í pé kí ló fẹ́. Ọbáfẹ́mi fi Twi dá a lóhùn pé òun wá fẹjọ́ ara òun sùn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ṣí wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì náà wà ní ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣì wà nínú ihò rẹ̀.

Ọlọ́pàá náà ti àwo ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣí ìwé, ó mú bírò.

"Ta lẹ lù?"

"Ọmọ mi."

"Nígbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn."

Obìnrin náà gbé bírò dúró. "Wọfa, ìyẹn ti pẹ́ jù. Ìyẹn kọ́ ló gbé yín wá."

"Òun ló gbé mi wá," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá kọ ọ́ tán, n ó sọ ti ọjọ́ Tọ́sìdè."

Obìnrin náà ṣí ojú ìwé tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.